Fáìlì Iṣẹ́ Kì Í Ṣe Fídíò

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa lọ́kùnrin àti lóbìnrin, nínú ẹ̀kọ́ wa ti oṣù yìí, a fẹ́ ṣàlàyé ohun kan tó ti sọ ọ̀pọ̀ fídíò ìgbéyàwó, wólíìmọ̀ àti ìdánilẹ́kọ̀ọ́ nù mọ́ àwọn tó ni wọ́n lọ́wọ́. Èèyàn á gba fúláṣì lọ́wọ́ ẹ́dítọ̀, á sanwó tán, á délé, á fi bọ tẹlifíṣọ̀n, kò sì ní rí nǹkan kan.

Bí ẹ bá wo inú irú fúláṣì bẹ́ẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà, ẹ ó rí fáìlì kan tí orúkọ rẹ̀ parí sí .prproj tàbí .veg. Adobe Premiere Pro ló ń ṣe ti àkọ́kọ́, Vegas Pro ló ń ṣe èkejì. Ẹ wo bó ṣe tóbi tó. Bí ayẹyẹ wákàtí méjì bá wá jẹ́ mẹ́gábáìtì díẹ̀ péré, ẹ ti mọ̀ pé àwòrán ayẹyẹ náà kò sí níbẹ̀.

Kí ló wá wà níbẹ̀? Àkọsílẹ̀ ni. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni pé: lọ sínú àpò báyìí, mú fọ́nrán kẹta, gé e láti ìṣẹ́jú kejì, fi ohùn yìí sí i, kọ orúkọ ìyàwó sí ìsàlẹ̀. Ó dà bí ìwé tí télọ̀ kọ ìwọ̀n ara yín sí. Ìwé náà wúlò fún télọ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè wọ̀ ọ́ lọ sí yídì. Fọ́nrán tí kámẹ́rà gbà ni aṣọ. Rírán rẹ̀ ni àwọn oníṣẹ́ ń pè ní export tàbí render.

Àwọn kan máa ń pa .prproj rẹ́ lára orúkọ fáìlì náà, wọn a fi .mp4 rọ́pò rẹ̀. Ẹni tó kọ "ìrẹsì" sára àpò gàrí kò tíì ní ìrẹsì. VLC àti HandBrake, tí wọ́n jẹ́ ọ̀fẹ́, lè yí fídíò tó ti parí padà láti irú kan sí òmíràn, ṣùgbọ́n wọn kò lè rí fídíò yọ láti inú fáìlì iṣẹ́.

Ọ̀nà tó wà ni pé kí ẹ wá kọ̀ǹpútà tó ní ètò tí wọ́n fi ṣe iṣẹ́ náà, kó má jẹ́ èyí tó pẹ́ ju tiwọn lọ, kí gbogbo fọ́nrán kámẹ́rà sì wà níbẹ̀. Nínú Premiere, ẹ lọ sí File, Export, Media, kí ẹ mú H.264. Nínú Vegas, File àti Render As ni. Nínú DaVinci Resolve, ojú ewé tó ń jẹ́ Deliver ni. Ẹ rí i pé MP4 ni ẹ mú kó jáde, èyí tí fóònù àti tẹlifíṣọ̀n tó pọ̀ jù lọ mọ̀.

Ẹ ṣọ́ra fún ìwọ̀n. Bí ẹ bá fi mẹ́gábíìtì 8 sí ìṣẹ́jú-àáyá kan, wákàtí kan yóò jẹ́ nǹkan bíi gígábáìtì 3.6. Fúláṣì tó jẹ́ FAT32 kì í gba fáìlì kan ṣoṣo tó tó gígábáìtì 4. Nítorí náà, ẹ gé wákàtí méjì sí ọ̀nà méjì, tàbí kí ẹ dín mẹ́gábíìtì náà kù sí 4.

Ṣùgbọ́n tí fọ́nrán kámẹ́rà bá ti parẹ́ ńkọ́? Arábìnrin kan mú fúláṣì wá bá wa, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí bàbá rẹ̀ ṣe kẹ́yìn ni wọ́n sọ pé ó wà níbẹ̀. Ẹ́dítọ̀ tọ́jú .prproj dáadáa, ó sì pa fọ́nrán rẹ́ kí àyè lè wà lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Nígbà tí a ṣí i, gbogbo gígé àti títò wà níbi tí wọ́n fi sí, àmọ́ pupa ni ojú ìwòran, "Media offline" ló kọ síbẹ̀. Orúkọ bàbá náà nìkan ló yọ, torí inú fáìlì iṣẹ́ ni wọ́n ti kọ ọ́. Kò sóhun tí a lè ṣe fún un.

Kí ẹ tó san owó tó kù fún ẹ́dítọ̀, ẹ gba .mp4, kí ẹ wò ó parí lórí fóònù tiyín. Ẹ tún ní kó lọ sí Project Manager nínú Premiere, kó mú "Collect Files and Copy to New Location", kó sì kó gbogbo rẹ̀, fọ́nrán àti àkọsílẹ̀, sórí díìsì tí ẹ̀yin fúnra yín gbé wá.