Irin Díẹ̀ Dára, Àpọ̀jù Rẹ̀ Ń Ba Ọpọlọ Jẹ́

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, a ti kọ́ ọ nínú kẹ́mísìrì pé irin máa ń dógùn-ún bí ó bá pàdé omi àti ọ́síjìn. Ohun tó fara jọ ọ́ lè ṣẹlẹ̀ nínú ọpọlọ èèyàn.

Dókítà James Parkinson ló kọ̀wé nípa àrùn Parkinson ní London lọ́dún 1817. Ọwọ́ á máa gbọ̀n, ara á le, ìrìn á falẹ̀. Òun ló ṣe Muhammad Ali, akànṣẹ́ nnì. Ní ibì kan nínú ọpọlọ tó ń jẹ́ substantia nigra, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe dopamine ń kú díẹ̀díẹ̀. Dopamine yìí ló ń jẹ́ kí ara wa gbọ́ràn bí a bá fẹ́ rìn.

Níbo ni mẹ́tàlì ti wá wọ̀ ọ́? Ara nílò irin, bàbà, síǹkì àti manganese bí ọbẹ̀ ṣe nílò iyọ̀: kò gbọdọ̀ má sí, kò sì gbọdọ̀ pọ̀ jù. Bí sẹ́ẹ̀lì ṣe ń lo ọ́síjìn, hydrogen peroxide máa ń jáde. Bí irin tí kò ní ìdè bá pàdé rẹ̀:

Fe²⁺ + H₂O₂ → Fe³⁺ + OH⁻ + •OH

Ìgbẹ̀yìn yẹn, hydroxyl radical, ni ọ̀daràn. Ó ń ba ọ̀rá, prótéènì àti DNA jẹ́. Bí irú rẹ̀ bá ju agbára ara lọ, oxidative stress nìyẹn. Àwọn onímọ̀ ti rí i pé irin máa ń pọ̀ nínú substantia nigra àwọn tó ní Parkinson.

Ṣùgbọ́n ẹ má kánjú o! Ṣé irin ló fa àrùn ni, àbí àrùn ló kó irin jọ? Lọ́dún 2022, wọ́n tẹ èsì ìwádìí kan jáde lórí aláìsàn 372. Àwọn tó lo deferiprone, oògùn tó ń fa irin kúrò lára, burú ju àwọn tí kò lò ó lọ. Ẹ rántí pé ẹ́ńsáìmù tó ń ṣe dopamine gan-an nílò irin. Lọ́dún 2023, Ọ̀jọ̀gbọ́n Njideka Okubadejo ti Yunifásítì Èkó àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún fi hàn pé ìyípadà kan nínú jíìnì GBA1 ń dá kún ewu àrùn náà láàárín àwa ọmọ Áfíríkà. Kì í ṣe ohun kan ṣoṣo ló ń fà á.

Ti manganese yàtọ̀. Lọ́dún 1837, John Couper kọ̀wé nípa àwọn òṣìṣẹ́ tó ń lọ manganese ní Scotland, tí ẹsẹ̀ wọn kò lágbára mọ́. Èéfín wẹ́dà ní manganese nínú. Ẹ̀gbọ́n mi ń kọ́ṣẹ́ wẹ́dà níbí. Ó ń fi gọ́gùlù bojú, ṣùgbọ́n imú rẹ̀ wà lásán. Mo ní kó máa jó irin níta, kó má ki orí bọ èéfín, kó sì wá ìbòmú gidi. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ọ̀gá òun ti ń ṣe é tipẹ́. Mo ní, "Bùrọ̀dá, ọdún tó ti pẹ́ yẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù."

Bí ọwọ́ bàbá tàbí ìyá àgbà yín bá ń gbọ̀n, ẹ má pariwo àjẹ́. Kì í ṣe gbogbo ọwọ́ tó ń gbọ̀n ni Parkinson. Ẹ mú wọn lọ sílé ìwòsàn; oògùn levodopa wà. Irúgbìn wèrèpè inú igbó wa náà ní levodopa, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè fojú díwọ̀n rẹ̀, ẹ má dán an wò.

Ìbéèrè fún ẹ̀yin SS2: nínú ìdọ́gba òkè yìí, kí ni irin pàdánù? Ẹ kọ ìdáhùn yín fún Press Club.