Odídẹrẹ́ Tó Ń Tu Ìyẹ́ Ara Rẹ̀

Ìbéèrè: Odídẹrẹ́ mi ní Minna kì í jẹ ju ẹ̀pà lọ, ó sì ti ń tu ìyẹ́ àyà rẹ̀. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ pẹ̀lẹ́. Ó dára bí ẹ ṣe tètè bèèrè. Ọ̀rá ẹ̀pà pọ̀ jù, fítámì A inú rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Nínú igbó, odídẹrẹ́ a máa jẹ ẹyìn ọ̀pẹ dáadáa. Ẹ wá a fún un lọ́jà, pẹ̀lú kárọ́ọ̀tì àti ẹ̀fọ́ tútù, kí ẹ máa dín ẹ̀pà kù díẹ̀díẹ̀. Píà ńkọ́? Ẹ má dán an wò, ó lè pa á. Ìdánìkanwà náà ń fa títu ìyẹ́, nítorí náà ẹ máa bá a sọ̀rọ̀. Lásìkò ọyẹ́, ẹ wọ́n omi sí i lára. Bó bá ṣẹ̀jẹ̀ tàbí tó ń gbọ̀n, dókítà ẹranko ni kí ẹ gbé e lọ bá lọ́jọ́ náà gan-an.