Ìtọ́jú Arúgbó àti Aláìsàn Nínú Ilé: Ẹ̀kọ́ fún Ẹni tí ó Fẹ́ Fi í Ṣe Òwò ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó

Àwọn àgbà a máa sọ pé bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Òwe yìí kò tí ì yẹ̀. Ohun tí ó yí padà ni ibi tí ọmọ òkété ń gbé. Ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó, ní ìhà Sùúrùlérè ní ìlú Èkó, arúgbó wà tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń gbé Lẹ́kí, òmíràn wà tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń gbé Àbújá tàbí Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn ọmọ náà ń fi owó ránṣẹ́, ṣùgbọ́n owó kò lè gbé arúgbó dìde lórí ibùsùn, bẹ́ẹ̀ ni kò lè bu omi sí i lára. Ènìyàn ni yóò ṣe iṣẹ́ náà. Ìdí nìyí tí ìtọ́jú nínú ilé fi di òwò tí ọkùnrin tàbí obìnrin olóòótọ́ lè fi jẹun. Ẹ̀kọ́ yìí ń sọ bí a ṣe ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, àti ibi tí olùbẹ̀rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti ṣọ́ra.

OHUN TÍ Ó SỌ ÌTỌ́JÚ DI ÒWÒ

Ní ayé àtijọ́, kò sí ẹni tí í gba owó iṣẹ́ yìí. Agbo ilé ni ó ń ṣe é. Bí ìyàwó àgbà bá ń gbé omi ìwẹ̀ kaná, ìyàwó kékeré a máa po ẹ̀kọ, ọmọdé a sì jókòó ti arúgbó láti máa jẹ́ iṣẹ́ fún un. Nítorí pé ọwọ́ pọ̀, iṣẹ́ náà kò wọ ẹnikẹ́ni lọ́rùn.

Ní ọdún 1955, ìgbìmọ̀ ìjọba tí ń tún ìlú Èkó ṣe, èyí tí a ń pè ní L.E.D.B., tí a ti dá sílẹ̀ láti ọdún 1928, bẹ̀rẹ̀ sí í wó àwọn ilé ògbólógbòó ní àárín erékùṣù Èkó. Ó kó ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń gbé ibẹ̀ lọ sí àwọn ilé titun ní Sùúrùlérè. Ọ̀mọ̀wé Òyìnbó kan, Peter Marris, lọ bá àwọn ènìyàn náà sọ̀rọ̀ nínú ilé wọn, ó sì tẹ ìwé jáde lórí ọ̀ràn náà ní ọdún 1961. Ó fi hàn pé bí ilé titun ti dára tó, ó tú àwọn ẹbí ká. Ẹni tí ń fi ẹsẹ̀ rìn lọ kí ìyá rẹ̀ lówùúrọ̀ tẹ́lẹ̀ wá di ẹni tí ń san owó ọkọ̀ kí ó tó fojú kàn án.

Ìtúká tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú owó bọ́ọ̀sì ti di ti owó ọkọ̀ òfuurufú. Ní oṣù Kejì ọdún 2022, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣí ọ̀nà sílẹ̀ fún àwọn àlejò láti wá ṣe iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó níbẹ̀, àwọn ọmọ Yorùbá sì wà lára àwọn tí ó gba ọ̀nà náà lọ. Ní oṣù Kẹta ọdún 2024, ìjọba náà fi òfin dè wọ́n pé kí olùtọ́jú tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ má ṣe mú aya, ọkọ tàbí ọmọ rẹ̀ wá mọ́. Ní oṣù Keje ọdún 2025, ó ti ọ̀nà náà pa mọ́ àwọn tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ gbà láti òkè òkun. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó ti lọ ti lọ. Báyìí ni ẹni tí ń gbowó láti wẹ ìyá olóyìnbó ní Manchester ṣe ń wá ẹni tí yóò gbowó láti wẹ ìyá tirẹ̀ ní Èkó.

ÀPẸẸRẸ KAN LÁTI LIVERPOOL

Gbígba owó fún irú iṣẹ́ yìí kì í ṣe ohun ìtìjú, kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1859, oníṣòwò kan ní ìlú Liverpool, William Rathbone, ẹni tí ìyàwó rẹ̀ kú, ṣe àkíyèsí bí nọ́ọ̀sì tí ó tọ́jú obìnrin náà nínú ilé ti mú ìrora rẹ̀ fúyẹ́. Ó rò ó pé bí olówó bá rí irú ìtọ́jú yìí, kí ni ti tálákà? Ó gba nọ́ọ̀sì náà, Mary Robinson, fún oṣù mẹ́ta péré, kí ó máa lọ tọ́jú àwọn aláìsàn tálákà nínú ilé wọn. Kí oṣù kan tó pé, obìnrin náà padà wá pẹ̀lú omijé pé ìyà tí òun ń rí ju agbára òun lọ. Rathbone rọ̀ ọ́, ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́. Nígbà tí oṣù mẹ́ta pé, òun fúnra rẹ̀ ni kò fẹ́ fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ mọ́. Láti ara ènìyàn kan àti àdúgbò kan ni iṣẹ́ nọ́ọ̀sì àdúgbò ti tàn kálẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ẹ̀kọ́ méjì ni ó wà níbẹ̀. Èkíní, díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọ ọgbà: ilé méjì tàbí mẹ́ta tí a lè fi ẹsẹ̀ rìn dé tó fún olùbẹ̀rẹ̀. Èkejì, iṣẹ́ náà a máa wọ ọkàn. Ọ̀gá tí kò bá ní gbólóhùn ìtùnú fún òṣìṣẹ́ rẹ̀ yóò pàdánù wọn.

IṢẸ́ MÉJÌ TÍ KÒ GBỌDỌ̀ DÀPỌ̀

Iṣẹ́ kìíní ni ìrànlọ́wọ́: ìwẹ̀, aṣọ fífọ̀, oúnjẹ, rírìn lọ rìn bọ̀, rírán arúgbó létí oògùn rẹ̀, àti bíbá a sọ̀rọ̀ kí ọjọ́ má bàa gùn jù fún un. Ẹnikẹ́ni tí ó ní sùúrù, tí a sì kọ́ dáadáa, lè ṣe é.

Iṣẹ́ kejì ni ti nọ́ọ̀sì: abẹ́rẹ́ gígún, omi fífà sí ara, egbò ńlá wíwẹ̀, fífi rọ́bà ìtọ̀ sí ara. Nọ́ọ̀sì tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé Ìgbìmọ̀ Nọ́ọ̀sì àti Agbẹ̀bí ilẹ̀ Nàìjíríà, tí ìwé àṣẹ rẹ̀ kò sì tí ì kọjá àkókò, nìkan ni a lè fi irú iṣẹ́ yìí lé lọ́wọ́. Ẹni tí ó kàn kọ́ṣẹ́ díẹ̀ ní ilé ìwòsàn àdáni, tí ó sì wọ aṣọ funfun, kì í ṣe nọ́ọ̀sì. Òwò tí ó bá da iṣẹ́ méjèèjì pọ̀ láti lè gbowó púpọ̀ ń fi ẹ̀mí ènìyàn ta tẹ́tẹ́.

ÌWÉ ÀṢẸ

Ohun àkọ́kọ́ ni kí a forúkọ òwò náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ C.A.C., ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tí ń forúkọ àwọn ilé-iṣẹ́ sílẹ̀. Òwò kékeré lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìforúkọsílẹ̀ orúkọ òwò lásán. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ dá kọ́ńpìnnì sílẹ̀, òfin ọdún 2020 gba ènìyàn kan ṣoṣo láyè láti ṣe bẹ́ẹ̀.

Ohun kejì ni HEFAMAA, ilé-iṣẹ́ tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó yàn láti máa bojú tó àwọn ilé ìtọ́jú aláìsàn. Kí olùbẹ̀rẹ̀ kọ ìwé sí wọn kí ó tó gba aláìsàn kankan, kí ó sọ iṣẹ́ tí ó fẹ́ ṣe gan-an, kí ó sì bèèrè ìwé àṣẹ tí ó yẹ ẹ́. Kí ó fi èsì wọn pamọ́.

YÍYAN ÒṢÌṢẸ́

Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Òṣìṣẹ́ tí yóò wọ yàrá arúgbó, tí yóò mọ ibi tí kọ́kọ́rọ́ àti owó wà, kì í ṣe ẹni tí a ń gbà ní òpópónà. Kí a mọ ilé rẹ̀. Kí ó mú onídùúró méjì wá, kí a sì lọ bá àwọn onídùúró náà nílé. Kí a bèèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ibi tí ó ti ṣiṣẹ́ rí. Kí òun àti ọ̀gá jọ ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì kí a tó fi í sílẹ̀ ní òun nìkan.

Kí a wo ẹnu rẹ̀ pẹ̀lú. Ẹni tí yóò wọ ilé Yorùbá gbọ́dọ̀ mọ ìkíni. “Ẹ” ni a ń bá arúgbó sọ, a kì í bá a sọ “o”, kódà bí iyè rẹ̀ bá ti ra tí kò mọ ẹni tí ó wà níwájú rẹ̀ mọ́. “Màmá” tàbí “Bàbá” ni a ń pè é, a kì í pe orúkọ rẹ̀ gan-an. Kí ọkùnrin máa wẹ ọkùnrin, kí obìnrin sì máa wẹ obìnrin, àyàfi bí àwọn fúnra wọn bá gbà pé kò rí bẹ́ẹ̀.

IṢẸ́ OJOOJÚMỌ́

Kí a tó gba iṣẹ́ ní ilé kan, kí a kọ́kọ́ lọ wo ilé náà. Ṣé òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni arúgbó ń gbé? Ṣé nínú ilé ni balùwẹ̀ wà, tàbí ní ẹ̀yìnkùlé níbi tí gbogbo ayálégbé ti ń lò ó? Ṣé omi wà? Ta ni yóò gbọ́ bí ó bá ké ní òru? Lẹ́yìn èyí, kí òṣìṣẹ́ mọ àwọn nǹkan wọ̀nyí bí ẹní mọ owó:

1. Arúgbó tí kò lè yí ara rẹ̀ padà, kí a máa yí i ní wákàtí méjì-méjì. Ara tí ó wà lójú kan pẹ́ a máa dá egbò sí ìdí, sí ìgbáròkó àti sí gìgísẹ̀. Bí a bá rí ibi tí ó pọ́n tàbí tí ó ṣókùnkùn ju ara yòókù lọ, kí a má ṣe fi ọwọ́ ra á. Kí a gbé ìwúwo ara kúrò níbẹ̀, kí a sì sọ fún nọ́ọ̀sì.

2. A kì í fún ẹni tí ó dùbúlẹ̀ gbalaja ní oúnjẹ. Kí ó jókòó dáadáa, kí ó jẹun díẹ̀díẹ̀, kí ó sì wà ní ìjókòó fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́yìn náà, kí oúnjẹ má bàa gba ọ̀nà ọ̀fun lọ sí ẹ̀dọ̀fóró.

3. Ẹsẹ̀ ẹni tí ó ní àtọ̀gbẹ lè má mọ gbígbóná mọ́. Kí olùtọ́jú fi ìgbọ̀nwọ́ tirẹ̀ dán omi wò, kí ó sì máa wo àtẹ́lẹsẹ̀ aláìsàn náà lójoojúmọ́.

4. Ìṣubú ni ọ̀tá arúgbó. Kí ilẹ̀ má tutù, kí bàtà má yọ̀, kí fìtílà wà nítòsí ibùsùn nítorí àìsí iná mànàmáná, kí póò sì wà nítòsí ní òru.

5. Bí ẹnu arúgbó bá wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan lójijì, tí apá kan kò lè gbé sókè, tàbí tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ dàrú, àmì rọpárọsẹ̀ ni. Kí a kọ àkókò tí ó bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀, kí a má fún un ní oògùn tàbí oúnjẹ kankan, kí a pe 767 tàbí 112, kí a sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ilé ìwòsàn Yunifásítì Èkó tí ó wà ní Ìdí-Àràbà kò jìnnà sí Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó.

6. Kí ìwé kan wà nínú ilé tí a ó máa kọ ohun gbogbo sí: oúnjẹ, oògùn àti àkókò rẹ̀, ìtọ̀ àti ìgbẹ́, orun, àti ohun titun tí a rí lára. Kí òṣìṣẹ́ fọwọ́ sí i. Ìwé yìí ni ọmọ tí ó wà ní òkè òkun yóò fi mọ̀ pé owó òun kò ṣòfò, òun náà ni yóò sì gba òṣìṣẹ́ sílẹ̀ bí ẹ̀sùn bá dé.

ÌṢIRÒ OWÓ

Ìṣirò yìí wà fún ẹ̀kọ́ nìkan. Kí olúkúlùkù fi iye tí ó bá lójà rọ́pò rẹ̀. Ká ní obìnrin kan gba ilé mẹ́ta, tí ó gba òṣìṣẹ́ méjì, tí òun fúnra rẹ̀ sì ń ṣiṣẹ́ ní ilé kẹta. Ìnáwó oṣù kan nìyí:

Owó òṣìṣẹ́ méjì, ₦90,000 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan: ₦180,000
Owó ọkọ̀: ₦30,000
Ìbọ̀wọ́ àti ọṣẹ: ₦20,000
Owó fóònù: ₦10,000
Owó adípò bí òṣìṣẹ́ kan bá ṣàìsàn: ₦30,000
Owó-oṣù olówò fúnra rẹ̀: ₦90,000
Àpapọ̀: ₦360,000

Nítorí náà, ilé kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ san ₦120,000 kí owó tó ṣe déédéé. Nǹkan méjì ni ọ̀pọ̀ olùbẹ̀rẹ̀ ń gbàgbé nínú ìṣirò yìí: owó adípò àti owó-oṣù ara wọn. Ẹ wo ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí ilé kan kò bá san owó. ₦240,000 ni yóò wọlé. Bí a bá ti yọ owó òṣìṣẹ́, ọkọ̀, ọṣẹ àti fóònù, kò ku kọ́bọ̀. Olówò yóò ṣiṣẹ́ oṣù kan gbáko lọ́fẹ̀ẹ́.

Orúkọ Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó ń rán ni létí àwọn Ìjẹ̀ṣà tí ó tẹ̀ dó síbẹ̀, àwọn Ìjẹ̀ṣà ni a sì mọ̀ sí òṣómàáló, oníṣòwò aṣọ àwìn tí í lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà onígbèsè títí yóò fi san owó. Ṣùgbọ́n a kò lè lóṣòó ti ilé aláìsàn. Kí owó máa wọlé ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù, kí ìwé àdéhùn sọ ọ́ ní kedere, kí a sì máa fún ẹni tí ó san án ní rìsíìtì.

Kí a má sì rẹ́ òṣìṣẹ́ jẹ. Ní oṣù Keje ọdún 2024, òfin fi owó-oṣù tí ó kéré jù lọ ní Nàìjíríà sí ₦70,000. Òfin náà kò mú ilé-iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25, ṣùgbọ́n ẹni tí ebi ń pa kò lè fi sùúrù bọ́ ẹlòmíràn.

ÀṢÍRÍ ILÉ

Bí ogiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Ohun tí olùtọ́jú rí nínú yàrá, àìsàn, gbèsè tàbí ìjà ọmọ ìyá, kò gbọdọ̀ dé etí aládùúgbò. Òfin ìlera ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 2014 pẹ̀lú kà á léèwọ̀ láti máa sọ ọ̀rọ̀ aláìsàn kiri. Kí òṣìṣẹ́ má ya àwòrán arúgbó sórí fóònù láìgba àṣẹ. Kí ó má gba ẹ̀bùn ilẹ̀, owó tàbí ohun ọ̀ṣọ́ lọ́wọ́ arúgbó lẹ́yìn àwọn ọmọ rẹ̀. Kí ọ̀gá sì máa yọ sí ilé náà láìròtẹ́lẹ̀, nítorí arúgbó tí wọ́n ń fi ìyà jẹ kì í sábà lè sọ ọ́.

Òwò yìí kì í tètè sọ ènìyàn di olówó. Àmọ́ ilé tí a bá ti tọ́jú ìyá wọn dáadáa ni yóò fi ọ̀nà ilé mìíràn hàn, tí òwò náà yóò sì máa gbòòrò.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Ta ni ó ń tọ́jú arúgbó ní agbo ilé yín ní ìgbà èwe yín? Ta ni ó ń ṣe é nísinsìnyí?
2. Àwọn iṣẹ́ wo ni a kò gbọdọ̀ fi lé ẹni tí kì í ṣe nọ́ọ̀sì lọ́wọ́, kí sì ni ìdí rẹ̀?
3. Nínú ìṣirò òkè yìí, bí olówò bá dín owó ilé kọ̀ọ̀kan kù sí ₦100,000, èló ni yóò ku fún un lẹ́yìn gbogbo ìnáwó yòókù, pẹ̀lú owó adípò?
4. Bí olùtọ́jú bá rí i pé ọmọ arúgbó kan ń fi ìyà jẹ ẹ́, kí ni ó yẹ kí ó ṣe?