Ẹ̀kọ́ Òwò ní Ilé-Ẹ̀kọ́ Gbogboniṣe: Kí Ni Ká Béèrè Ká Tó Wọlé?



Ẹ̀kọ́ wa ti oṣù yìí dá lórí ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa ní Kúta àti agbègbè Ìwó ń rò lẹ́yìn ìdánwò ìwé mẹ́wàá: kí ni ká lọ kà? Bí yunifásítì kò bá gbà wá, àwọn kan a rò pé ọ̀nà ti dí. Àwọn mìíràn a sáré gba fọ́ọ̀mù ẹ̀kọ́ òwò èyíkéyìí tí orúkọ rẹ̀ bá ti dùn létí. Ewu ń bẹ nínú méjèèjì. Kókó ẹ̀kọ́ wa nìyí: iṣẹ́ tí ẹ̀kọ́ kan lè kọ́ wa ni ká wò, kì í ṣe orúkọ rẹ̀.

1. Ọ̀nà tó wà nítòsí wa

Ilé-ẹ̀kọ́ gbogboniṣe, tí a ń pè ní Pólì, kì í ṣe ohun àjèjì. Ti Yaba ní Èkó ti wà láti 1947. Ní 1992 ni ìjọba àpapọ̀ dá ti Ẹdẹ sílẹ̀, Ẹdẹ kò sì jìnnà sí wa. Àwọn àgbà wa ní a kì í gbé ẹ̀bá odò ká máa fi itọ́ bọ́jú.

Ọdún méjì ni akẹ́kọ̀ọ́ fi ń gba dípúlómà àkọ́kọ́ (ND). Lẹ́yìn náà, yóò lọ ṣiṣẹ́ fún ọdún kan, kó tó padà wá lo ọdún méjì sí i fún dípúlómà àgbà (HND). Ọdún iṣẹ́ tó wà láàrin yìí ṣe pàtàkì, nítorí ibẹ̀ ni a ti ń mọ̀ bóyá ohun tí a kọ́ ní kíláàsì bá ti ọjà mu. Òótọ́ ni pé àwọn agbanisíṣẹ́ kan a máa fojú kéré dípúlómà àgbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ dígírì. Ṣùgbọ́n ẹni tó mọ iṣẹ́ lọ́wọ́ ní ohun tí yóò fi hàn.

2. Bí ẹ̀kọ́ tuntun ṣe ń bẹ̀rẹ̀

Ilé-ẹ̀kọ́ kò gbọdọ̀ kàn jí lówùúrọ̀ kó ní òun ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ òwò tuntun. Àjọ NBTE, tí òfin dá sílẹ̀ ní 1977 tó sì ní olú ilé iṣẹ́ ní Kàdúná, ló ń mójú tó o. Ilé-ẹ̀kọ́ yóò kọ́kọ́ kọ̀wé bèèrè. Àjọ náà yóò wá wo àwọn olùkọ́, yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́, ilé ìkàwé àti irinṣẹ́. Bí ó bá tẹ́ wọn lọ́rùn, wọn á ní kí wọ́n gba akẹ́kọ̀ọ́. Wọn á tún padà wá fún àyẹ̀wò kíkún kí wọ́n tó fún ẹ̀kọ́ náà ní ìfọwọ́sí, ìfọwọ́sí ọ̀hún sì ní iye ọdún tí yóò lò kí wọ́n tó tún un yẹ̀ wò.

Ẹ jẹ́ ká wo òkèèrè díẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì kan wà fún àwọn ará àdúgbò, ọdún méjì ni ẹ̀kọ́ wọn sábà máa ń gbà. Ní 2014, ìpínlẹ̀ California ṣe òfin pé kí díẹ̀ nínú wọn, tí kò ní ju 15 lọ, máa fi dígírì ẹ̀kọ́ iṣẹ́ lọ́lẹ̀. Òfin náà ní kókó kan: ẹ̀kọ́ tí yunifásítì ìjọba ibẹ̀ ti ń kọ́ni tẹ́lẹ̀, kọ́lẹ́ẹ̀jì kò gbọdọ̀ tún un ṣe. Nítorí náà ni San Diego Mesa College ṣe mú ẹ̀kọ́ ìṣàkóso àkọsílẹ̀ ìlera. Wọ́n wo ibi tí àlàfo wà, wọ́n sì dí i.

3. Ẹ̀kọ́ tó bá ọjà mu

Ẹ jẹ́ ká fi ìyá kan tó ń ta gàrí ṣe àpẹẹrẹ. Ó ra ọjà ₦400,000, ó tà á ní ₦460,000, ó ní òun jèrè ₦60,000. Ṣùgbọ́n ó san ₦25,000 fún ọkọ̀, ₦6,000 fún alábàárù, ₦9,000 fún àpò àti ìsọ̀. Èrè rẹ̀ kù sí ₦20,000. Bí àwọn oníbàárà bá tún jẹ ẹ́ ní ₦30,000, owó tó wọlé kò tó èyí tó jáde: ó fi ₦10,000 dín. Èrè wà nínú ìwé, owó kò sí lápò. Ẹ̀kọ́ òwò tí kò bá lè la irú ọ̀rọ̀ yìí yé akẹ́kọ̀ọ́, orúkọ lásán ni.

Àwa Mùsùlùmí kò gbọdọ̀ rí àkọsílẹ̀ owó bí ohun tuntun. Àyà tó gùn jù nínú Al-Kùránì, ìkejìlélọ́gọ́rin lé ní igba nínú Súrà Bákárà, ọ̀rọ̀ kíkọ gbèsè sílẹ̀ àti wíwá ẹlẹ́rìí ló wà níbẹ̀. Báńkì tí kì í gba èlé náà ti dé: Jaiz bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2012. Iṣẹ́ tuntun dé, ó ń fẹ́ ẹni tó mọ ìṣirò owó tó sì mọ òfin òwò Ìsìláàmù.

4. Ohun tí a ó béèrè

(a) Ṣé NBTE ti fọwọ́ sí ẹ̀kọ́ yìí gan-an, kì í ṣe ilé-ẹ̀kọ́ náà nìkan? Ẹni tó gba dípúlómà àgbà nínú ẹ̀kọ́ tí kò ní ìfọwọ́sí kò lè ṣe àgùnbánirọ̀. Owó àwọn òbí á ti wọgbó.

(b) Níbo ni àwọn tó ti jáde ṣáájú wà, kí ni wọ́n sì ń ṣe?

(d) Ta ni yóò gbà wá fún ọdún iṣẹ́ náà?

(e) Kí ni a ó lè fi ọwọ́ ara wa ṣe nígbà tí a bá jáde?

Ìbéèrè fún ìjíròrò

1. Iṣẹ́ òwò wo ló wà ní Kúta tí ó ń fẹ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n dáadáa, tí a kò sì rí?
2. Bí wọ́n bá ní kí a dá ẹ̀kọ́ òwò tuntun kan sílẹ̀ fún agbègbè wa, èwo ni a ó mú, èé sì ti ṣe?
3. Kí ló dé tí a fi ń kọ gbèsè sílẹ̀ nínú Kùránì kíkà, tí a kì í kọ ọ́ sílẹ̀ nínú ìsọ̀?

Kí Ọlọ́hun fún wa ní ìmọ̀ tó wúlò àti iṣẹ́ tó mọ́. Àámín.