Wo Ẹsẹ̀ Wọn Kí O Tó Tú Ọ̀rọ̀ Wọn

Ìbéèrè: Iṣẹ́ ògbufọ̀ láàrin èdè Gẹ̀ẹ́sì àti èdè Jámánì ni mo ń kọ́. Wọ́n gbé ìròyìn kan fún mi lọ́sẹ̀ tó kọjá, "protest" ló kún inú rẹ̀. Àwọn ará Jámánì náà ní "Protest", mo bá kọ ọ́ síbẹ̀ láti òkè délẹ̀. Ọ̀gá mi fi bírò pupa fa igi lé gbogbo rẹ̀. Níbo ni mo ti ṣì í?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, má jẹ́ kó dùn ọ́ jù. Ọ̀rọ̀ tó jọra bí ìbejì ti mú ọ̀pọ̀ àgbà ògbufọ̀ rí.

Kọ́kọ́ fi èdè tiwa wò ó. Ẹni tó kọ lẹ́tà ìbínú sí gómìnà ti fẹ̀hónú hàn, ṣùgbọ́n kò wọ́de. "Protest" lẹ́nu ará Jámánì sún mọ́ ìfẹ̀hónúhàn. Bí Gẹ̀ẹ́sì bá ní "a protest" yóò bẹ̀rẹ̀ láago méjìlá, ìwọ́de ló ń wí. "Demonstration" nìyẹn lédè Jámánì, "Demo" ni wọ́n ń pè é nígboro.

Lẹ́yìn náà, wo ẹsẹ̀ àwọn èrò. Bí wọ́n bá dúró sójú kan tí wọ́n ń gbọ́ ọ̀rọ̀, "Kundgebung" ni. Bí wọ́n bá ń rìn, "Demonstrationszug". Bí wọ́n bá jókòó dí ọ̀nà, "Sitzblockade". Ṣọ́ra fún "Aufmarsch": òórùn ológun ń bẹ lára rẹ̀. Wo àpẹẹrẹ ìwọ́de kan: ní ìlú Leipzig, ní 9 oṣù kẹwàá 1989, nǹkan bí 70,000 ènìyàn ló rìn lójú pópó lẹ́yìn àdúrà ìrọ̀lẹ́. "Montagsdemonstration", ìwọ́de Ọjọ́ Ajé, ni Jámánì ń pè é. Ti ìyanṣẹ́lódì kò le: ọ̀dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti yá "Streik".

Ọ̀rọ̀ ìṣe náà ní ọ̀fìn tirẹ̀. Ará Amẹ́ríkà lè sọ pé "protest the war". Jámánì kò ní gbà bí o kò bá fi "gegen" sí i. Bí Gẹ̀ẹ́sì bá sì ní obìnrin kan "protested her innocence", kò ta ko ohunkóhun o. Ó ń tẹnu mọ́ ọn pé ọwọ́ òun mọ́ ni. "Beteuern" ni Jámánì ń lò níbẹ̀.

Èyí tó léwu jù ni "angemeldete Demonstration". Àwọn kan ń tú u sí "authorised", bí ẹni pé ìjọba ló yọ̀ǹda rẹ̀. Rárá o. Òfin ilẹ̀ Jámánì ti 1949, abala 8, fún ọmọ Jámánì lẹ́tọ̀ọ́ láti péjọ ní àlàáfíà, láìgbé ohun ìjà, láìtọrọ àyè. Fún ìpéjọ ìta gbangba, òfin àpapọ̀ ní kí olùṣètò fi tó ọ́fíìsì ìjọba tó kàn létí, ó kéré tán wákàtí 48 ṣáájú kó tó kéde rẹ̀ fáráyé. Ẹni tó fi nǹkan tó ọ létí kò tọrọ àṣẹ lọ́wọ́ rẹ. Kọ "registered", àbúrò mi. Má fún ọlọ́pàá ní agbára tí òfin kò fún wọn.