Àpótí Ìmọ̀: Ìdí Tí Òrí Fi Ń Tẹ̀lé Ọṣẹ Dúdú

Omi eérú èèpo kòkó àti àdín ni a sábà máa ń fi se ọṣẹ dúdú. Eérú yìí ló jẹ́ kí pH ọṣẹ náà (ìwọ̀n tí a fi ń mọ bí nǹkan ṣe jẹ́ ásíìdì tàbí álíkálì tó) ga ju 8 lọ, bẹ́ẹ̀ nǹkan bí 5 ni ti irun. Ìdí nìyí tí irun fi ń le lẹ́yìn fífọ̀, tí òrí sì fi ń tẹ̀lé ọṣẹ. Fún àpẹẹrẹ, ẹni tó ra ọṣẹ ní Ọjàaba n'Ìbàdàn lè po ṣíbí 1 mọ́ ife omi 1 nílé rẹ̀ ní Òkè Bọ́lá, kó fi fọ irun, kó ṣan án dáadáa, kó sì fi òrí díẹ̀ pa á kí omi tó gbẹ. Àwọn kan á ní ohun ìbílẹ̀ kì í pa irun lára. Àmọ́ bí ọṣẹ yìí ṣe ń fọ ẹ̀gbin náà ló ń fọ ọ̀rá ara irun lọ. Òrí ni kì í jẹ́ kí omi tètè gbẹ nínú rẹ̀.