Omi Abẹ́ Ilẹ̀ ní Ọ̀tà

Bí a bá bi ọmọ ilé-ìwé kan ní Ọ̀tà pé, "Níbo ni omi ti ń wá?" yóò dáhùn pé, "Láti inú kànga." Èsì náà kò burú, ṣùgbọ́n kò tó. Kànga kì í dá omi. Ẹnu ọ̀nà àká lásán ni. Òjò ni ó ń kún àká náà.

Ilẹ̀ iyanrìn àti amọ̀ ni ilẹ̀ Ọ̀tà. Nígbà tí òjò bá rọ̀, apá kan a ṣàn lọ sí odò, oòrùn a fa apá kan padà sókè, apá yòókù a sì rọra wọlẹ̀ títí amọ̀ líle yóò fi dá a dúró. Níbẹ̀ ni ó ti ń kún inú iyanrìn.

Láti ìgbà tí a ti dá Ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀ ní 1976, ilé-iṣẹ́ ti pọ̀ ní Sàngó-Ọ̀tà nítorí ìtòsí Èkó. Iṣẹ́ dé, ọjà sì gbòòrò. Kí a má ṣe jẹ́ aláìmoore. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú ilé-iṣẹ́ àti ilé gbígbé ni ó gbẹ́ kànga ẹ̀rọ tirẹ̀, sìmẹ́ǹtì sì bo ilẹ̀ tí ìbá gba òjò wọlé. Omi ìdọ̀tí ilé-iṣẹ́ sì ti wọ odò Àtúwarà, tí àwọn ará abúlé ń pọn.

Báwo ni olùkọ́ yóò ṣe fi èyí han ọmọ?

1. Kó òkúta wẹ́wẹ́ sí ìsàlẹ̀ ìgò ẹlẹ́nu gbòòrò. Fi ọ̀pá ewé ìbẹ́pẹ dúró lé e gẹ́gẹ́ bí kànga, kí o sì da iyanrìn yí i ká. Wọ́n omi sí i bí òjò, kí àwọn ọmọ sàmì sí ibi tí omi dé.

2. Fi ẹnu fa omi láti inú ọ̀pá náà, kí o tu ú dànù, láìbu òmíràn sí i. Omi yóò lọ sílẹ̀ ju àmì náà lọ.

3. Fi àwo pẹrẹsẹ bo iyanrìn, kí o tún wọ́n omi. Orí àwo ni omi yóò dúró sí.

4. Mú àwo kúrò, da aró sí igun kan, kí o sì máa wọ́n omi lé e. Láìpẹ́ àwọ̀ rẹ̀ yóò hàn nísàlẹ̀. Nígbà náà, béèrè pé, "Ta ni yóò mu nínú kànga yìí?" Ìdákẹ́jẹ́ wọn ni yóò parí ẹ̀kọ́ náà.

Kí ni ó yẹ ní ṣíṣe? Kí a gbẹ́ ṣáláńgá jìnnà sí kànga, ó kéré tán mítà 30. Kí a gbe omi òjò láti orí òrùlé, kí a sì fi àyè ilẹ̀ sílẹ̀ ní àgbàlá fún òjò láti wọlé. Kí ilé-iṣẹ́ wẹ omi ìdọ̀tí rẹ̀ mọ́ kí ó tó tú u jáde. Nítorí irú ọ̀ràn báyìí ni ìjọba àpapọ̀ ṣe dá àjọ NESREA sílẹ̀ ní 2007. Ṣùgbọ́n òfin kò lè ṣọ́ gbogbo kànga. Ẹni tí ó mọ ibi tí omi rẹ̀ ti ń wá ni yóò ṣọ́ ọ. Ẹni tí ó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù.